Ẹnu Ta Ni Irin Yìí Ti Jáde Kẹ́yìn? Bí Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Mú Ilé Ìtọ́jú Eyín Mọ́, Kí Iṣẹ́ Sì Yá

Ìyá àgbà kan wá sọ́dọ̀ wa ní Kàbà láti ọ̀nà Ògìdì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi òkèlè iyán há ẹnu. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o." Ó ní, "Òkun o, ọmọ mi." Bí dókítà ṣe na ọwọ́ sí ẹ̀mú báyìí, Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ dákun, ẹnu ta ni irin yìí ti jáde kẹ́yìn?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, a ti sè é. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ sè é. Èmi náà máa ń se ẹ̀wà. Ó máa ń ku èyí tí kò jinná."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé wà lórí tábìlì tí a ń kọ orúkọ aláìsàn àti iye owó sí, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí mo lè nawọ́ sí pé ẹ̀mú yìí gan-an wọ iná lọ́jọ́ báyìí, ó sì jinná. Ohun tí mo ń kọ sísàlẹ̀ yìí ni bí a ṣe wá èsì fún Màmá. Mo kọ ọ́ fún àwa tí ilé ìtọ́jú wa kò ju àga kan tàbí méjì lọ, láti Kàbà dé Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú títí lọ dé Ẹ̀gbẹ̀, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí omi wa sì jẹ́ ti bóòhòòlù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: kọ̀ǹpútà kì í fọ nǹkan kan. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe fún ìmọ́tótó. Ó ń dín iye ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kàn kù, ó sì ń jẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ẹ̀rọ tí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, bó ti wù kó máa tàn yinrin tó, ẹ jẹ́ kó dúró sí ìsọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi osùn wá ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ẹ̀rọ, ẹ ra osùn díẹ̀ lọ́jà. Ẹ fi omi pò ó, kí ẹ fi pa orí ìka ìbọ̀wọ́ ẹni tó máa ń ran dókítà lọ́wọ́. Kí òṣìṣẹ́ kan jókòó sórí àga bí aláìsàn, kí wọ́n wá ṣe gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣe lójoojúmọ́: kí wọ́n fa iná orí àga sọ́dọ̀, kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, kí wọ́n wá káàdì, kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n gbé fóònù tó ń dún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ wá wo yàrá náà.

Nígbà tí a ṣe tiwa, a rí osùn lára ọwọ́ iná, lára bọ́tìnnì àga, lára dúrọ́ọ̀ mẹ́ta, lára bírò, lára èèpo káàdì, lára máòsì, lára ìlẹ̀kùn. Èyí tó dùn mí jù ni ti fóònù mi, nínú àpò aṣọ mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní, "Antí, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n bá yín wo aago o." Òótọ́ ló sọ. Ẹ fi nylon bo àga kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí osùn kì í tètè kúrò lára awọ funfun. Tiwa ṣì ní àmì dòní.

Bó bá wá jẹ́ pé itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni osùn yẹn ńkọ́? Kòkòrò àrùn hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà láàyè lórí tábìlì gbígbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ 7, kò sì ní àwọ̀ tí ojú máa rí.

Ẹ kọ gbogbo ibi tí osùn dé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ni ẹ ó mú dání lọ sọ́jà ẹ̀rọ. Ibi tí ọwọ́ kò nídìí láti dé, ẹ wá ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí kò sí bí ọwọ́ kò ṣe ní dé, bí ọwọ́ iná orí àga, ẹ fi nylon tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Autoclave tó ń kọ ìwé fúnra rẹ̀

Bí owó ọwọ́ yín bá tó ra nǹkan kan ṣoṣo, èyí ni: ẹ̀rọ tí ń fi oru omi se irinṣẹ́ títí kòkòrò ara rẹ̀ á fi kú. Mo ti dé ilé ìtọ́jú kan tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, tó sì jẹ́ pé ìkòkò orí gáàsì ni wọ́n ń fi se irinṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Omi híhó kì í gbóná ju 100°C lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn kòkòrò kan wà tó máa ń ká ara wọn mọ́ inú èèpo líle tí 100°C kò ràn. Autoclave ń há oru omi mọ́ títí ìgbóná rẹ̀ fi kọjá ti omi híhó: 121°C fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, tàbí 134°C fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 3. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì gbàgbé pé ìgbà tí ìgbóná bá dé ojú ìwọ̀n ni kíkà ìṣẹ́jú ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, autoclave àtijọ́ ni a ní, aago ara ògiri la sì fi ń ṣọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ nígbà tí ìsè kò tíì dé ìdajì, ó tún dé. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ wo téèpù ara ìdì, ó rí i pé ìlà dúdú ti yọ, ó kó gbogbo rẹ̀ jáde. Kò ṣèké o. Gbogbo ohun tí téèpù yẹn lè sọ ni pé ìdì náà ti rí ooru. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. A ti lo irinṣẹ́ náà fún èèyàn mẹ́rin kí dókítà tó gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Autoclave tó ní kọ̀ǹpútà nínú ń wọn ìgbóná àti agbára oru láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí iná bá já a mú lójú ọ̀nà, á kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ìsè yìí kò pé, á sì fi pamọ́ sínú àkọsílẹ̀. Ẹ ò ní jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ bi wọ́n bóyá ó jẹ́ ti B. Àwọn èyí tí wọ́n ń pè ní B máa ń fa afẹ́fẹ́ jáde kí oru tó wọlé. Ó ṣe pàtàkì nítorí handpiece, irin tí ń kùn yùnmù tí a fi ń gbẹ́ eyín, ihò wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú ihò náà, oru kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn ti N dára fún irin gbọnrangandan tí a kò dì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tajà lè sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ní kó fi lẹ́tà náà hàn yín nínú ìwé ẹ̀rọ.

Ẹ tún bi wọ́n ibi tí ẹ̀rọ ń fi àkọsílẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ fíláàṣì tàbí mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ máa dà á sórí kọ̀ǹpútà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bébà ló ń tẹ̀ jáde, ẹ rántí rísíìtì POS: láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ á ti pa rẹ́. Kí ẹ fi fóònù ilé iṣẹ́ ya fọ́tò bébà náà lọ́jọ́ tó jáde.

Omi tó ń wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ distilled, omi tí wọ́n sọ di oru, tí wọ́n sì tún sọ di omi, kí èérún inú rẹ̀ lè kúrò. Omi bóòhòòlù wa á fi èérún funfun sílẹ̀ bó ṣe ń fi sílẹ̀ nínú kẹ́tù, á sì dí ẹ̀rọ. Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ ti ń rà á o. Lórí tábìlì rẹwáyà tí ń ṣe bátìrì, omi distilled àti ásíìdì lè jókòó ti ara wọn nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọra.

Nísinsìnyí, fífọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbẹ mọ́ irin lára, oru ò ní ráyè dé abẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kúrò kí ìsè tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì la fi ń ha á, irin á sì máa gún wa lọ́wọ́. Ẹ ra agbada ultrasonic, èyí tí omi inú rẹ̀ ń gbọ̀n débi tí ìdọ̀tí á fi já kúrò lára irin fúnra rẹ̀. Ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé bó bá ń ṣiṣẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì lágbára, ẹ rọ fọ́ìlì ìdáná pẹlẹbẹ kan sínú omi rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí fọ́ìlì bá ní ihò wínníwínní àti àmì kékeré káàkiri, ó dáa. Bí apá kan bá dán gbọrọrọ, agbára rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀.

Ẹlẹ́rìí tó kẹ́yìn ni ìgò ìdánwò kékeré tó ní kòkòrò kan tó ti ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle nínú. Geobacillus stearothermophilus ni wọ́n ń pe kòkòrò náà, ó le ju ọ̀pọ̀ kòkòrò tó lè ṣe wá ní ibi lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ju ọ̀kan sáàárín ìdì nínú autoclave, kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀ láìsè. Ẹ fọ́ gíláàsì inú àwọn méjèèjì bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, kí ẹ kó wọn sínú ẹ̀rọ ìmúgbóná kékeré tó wà láàárín 55°C sí 60°C fún wákàtí 24. Nínú irú tí àwa ń lò, èyí tí a sè gbọ́dọ̀ wà ní àwọ̀ àlùkò bó ṣe wà, èyí tí a kò sè gbọ́dọ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Bí èyí tí a sè bá di ìyeyè, kòkòrò yè é. Ẹ ti autoclave náà pa, ẹ má lo ohunkóhun tó jáde nínú rẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀rọ àti bí ẹ ṣe to ẹrù sínú rẹ̀ wò, kí ẹ tún dán an wò. Bí èyí tí a kò sè náà bá wà ní àlùkò, a jẹ́ pé ìgò náà ti kú láti ìsọ̀; ìdánwò yẹn kò sọ ohunkóhun fún yín. Ní ọjọ́ Ajé la máa ń ṣe tiwa, fóònù la sì fi ń rántí ara wa, nítorí kò sí ọjọ́ Ajé tí kò ní wàhálà tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìṣirò sẹ́ẹ̀tì àti ti iná

Irinṣẹ́ tí kò tó ló ń sọ olóòótọ́ di onírọ́. Lọ́jọ́ ọjà, tí yàrá ìdúró kún fọ́fọ́, tí jígí ẹnu kò sì ju márùn-ún lọ, ẹnì kan á sọ pé kí wọ́n fi Izal ṣàn án kíákíá. Ẹ fi ìṣirò dá a lẹ́kun.

Ká ní fífọ gba ìṣẹ́jú 20, ìsè àti gbígbẹ gba 45, títutù gba 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80. Ká ní aláìsàn kan ń gba ìṣẹ́jú 30 lórí àga. Sẹ́ẹ̀tì kan ni àkójọ irinṣẹ́ tí a ń lò fún aláìsàn kan. Bí ẹ bá ní sẹ́ẹ̀tì 12, ẹ pín in sí 6 àti 6. Sẹ́ẹ̀tì 6 tó wà níta máa gbé yín fún ìṣẹ́jú 180, 6 tó wà nínú ẹ̀rọ sì nílò 80 péré. Kódà bí iná bá lọ tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí fífọ, 80 àti 80 jẹ́ 160, ó ṣì ku 20 sílẹ̀. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú tiyín sí i, kí ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kí dókítà rí i. Èmi gbà pé owó sẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wúlò ju owó sikánà, kámẹ́rà tí ń ya àwòrán inú ẹnu, lọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ní ti iná: autoclave kékeré lè jẹ tó wáàtì 2,000. Íńfátà kékeré tó ń gbé búlúùbù àti kọ̀ǹpútà yín kò lè gbé e. Bí ẹ bá ní sólà tó lágbára, ẹ fi ìsè sí ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn mú. Bí ẹ kò bá ní, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi iná ìjọba bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa gbàdúrà. Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ so mọ́ íńfátà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀

Èyí ni èsì Màmá. Nígbà tí ẹ bá ń di irinṣẹ́, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn tó ní ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ, nọ́ńbà ìsè àti orúkọ ẹni tó dì í ní ìkékúrú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀bébà kékeré bíi ti àwọn tó ń ta oògùn lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì onílà tí fóònù máa kà. Bí ẹ kò bá ní in, bírò tí omi kò lè fọ̀ ṣe é; nọ́ńbà ló ṣe pàtàkì, ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ìdì níwájú aláìsàn, ẹ jẹ́ kó rí i pé ó wà ní dídì, kí ẹ fi fóònù ka àmì náà, tàbí kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fáìlì aláìsàn.

Ìtàkùn kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí: fáìlì ń tọ́ka sí ìdì, ìdì ń tọ́ka sí ìsè, ìsè ní àkọsílẹ̀ ìgbóná tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìgò ìdánwò bá di ìyeyè, ẹ ò ní máa fi orí rò ó. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà to orúkọ gbogbo ẹni tí ìdì láti inú ẹ̀rọ yẹn kàn láti ìdánwò tó yege kẹ́yìn, kí dókítà mọ ẹni tí yóò pè. Tábìlì Excel lásán tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sọ́fítíwíà olówó gọbọi dẹ́rù bà yín.

Màmá padà wá lẹ́yìn oṣù méjì nítorí eyín kejì. Mo gbé ìdì síwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, 0412. Ìsè kejì lánàá, 134°C, ó jinná." Wọ́n ní àwọn ò mọ̀wé, kí n kà á. Mo kà á. Wọ́n ní, "Ẹnu ta ni mo bi yín." Mo ní, "Màmá, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ fún yín, ọ̀la ni màá sọ tiyín fún ẹlòmíì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì la ẹnu.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà

Káàdì bébà kò ṣeé fọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì àtijọ́ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ ó rí àmì ìka níbẹ̀. Gbígbé fáìlì sórí kọ̀ǹpútà yanjú ìyẹn, ó sì gbà wá lọ́wọ́ wíwá káàdì "Adé" láàárín Adé ogójì. Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Osùn tí a rí lára máòsì ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù kò gba owó: kí ẹnì kan dojú kọ ẹnu, kí ẹlòmíì dojú kọ kọ̀ǹpútà. Dókítà á máa sọ ọ́ sókè, ẹni kejì á máa tẹ̀ ẹ́. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó, ẹ ra kíbọọ̀dù rọ́bà pẹlẹbẹ tí kò ní kọ̀rọ̀, tó ṣeé nù, tàbí kí ẹ bo èyí tí ẹ ní. Nylon náà ń kúrò pẹ̀lú aláìsàn. Bí ó bá ku sí ibẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò bo nǹkan kan.

Fóònù ti ara ẹni kò gbọdọ̀ wọ yàrá àga. Mo mọ̀ pé òfin yìí le, èmi ni mo kọ́kọ́ rú u.

Omi tó ń jáde lẹ́nu handpiece pẹ̀lú ń fẹ́ àmójútó, nítorí kòkòrò máa ń fi inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣe ilé. Ẹ jẹ́ kó dà nù fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo ìgò tí ẹ ó máa rọ omi mímọ́ sí, ẹ má so ó mọ́ táǹkì orí òrùlé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ níbí kò ju aago tó ń dún lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: X-ray láìsí yàrá òkùnkùn

Fíìmù kan ń jáde lẹ́nu aláìsàn pẹ̀lú itọ́, ó ń gba ọwọ́ ìbọ̀wọ́ wọ yàrá òkùnkùn, ó ń kan ìlẹ̀kùn, ó ń wọ oògùn kìíní, oògùn kejì, omi, lẹ́yìn náà a sá a. Bí àwòrán kò bá mọ́lẹ̀, ẹ tún un ṣe, aláìsàn sì tún gba ìtànṣán. Oògùn kejì yẹn ń kó fàdákà sínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹ dà á sí gọ́tà. Òjé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú èèpo fíìmù náà kò yẹ ní ààtàn.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán tààrà kì í kúrò nídìí àga. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, àwòrán ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ìtànṣán tó nílò sì kéré sí ti fíìmù àtijọ́. Àléébù rẹ̀ kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í kọ́kọ́ sọ: sẹ́ńsọ̀ kò ṣeé sè. Bí ẹ bá kó o sí autoclave, ẹ ti sọ owó nù. Àpò nylon tirẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún fi oògùn ìnu tí olùṣe rẹ̀ fọwọ́ sí nù ún lẹ́yìn rẹ̀, nítorí eyín lè ya àpò náà. Oríṣi kejì ni páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń kì bọ ẹ̀rọ akàwòrán. Kò ní wáyà, ó sì rọ̀ lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń kàn án ju sẹ́ńsọ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ sì lè pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó kà á.

Bó ti wù kí ẹ ya àwòrán náà, ẹ̀rọ X-ray fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Nigerian Nuclear Regulatory Authority, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ẹ gbà á kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Fóònù aláìsàn, àti ọ̀nà Ìlọrin

Ìfìránṣẹ́ tó ń rán aláìsàn létí wúlò fún ìmọ́tótó ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹni 14 bá dé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ ọjà, ìṣirò sẹ́ẹ̀tì 12 ti fọ́ nìyẹn. Ẹ pín wọn sí wákàtí. Nígbà ìkórè kajú, láti bí oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ẹni tí eyín kò bá tíì gbé dè kì í yọjú, ẹ má fi ọjọ́ ìpadàwá sí àárín rẹ̀ tí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́.

Ohun tí àwa máa ń kọ rèé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Màmá. À ń retí yín ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Bí ààyè kò bá ní gbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá." A kì í kọ ohun tó ń ṣe eyín wọn síbẹ̀, nítorí nọ́ńbà tí Màmá fún wa lè jẹ́ ti ọmọ-ọmọ wọn, tàbí ti aládùúgbò. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tó nílò ìpamọ́ gidigidi. Bí fáìlì bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ lọ́nà tó lè pa aláìsàn lára, ẹ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Kí àdàkọ fáìlì wà níbòmíì yàtọ̀ sí inú ilé náà. Àwòrán ẹnu aláìsàn kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí status.

Èyí tó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ni fífi àwòrán ránṣẹ́ ṣáájú. Kí aláìsàn láti Ẹ̀gbẹ̀ tó wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, ẹ gba àṣẹ rẹ̀, kí ẹ fi X-ray àti fọ́tò ránṣẹ́ sí dókítà tí yóò rí i, kí wọ́n sọ ohun tí yóò mú dání. Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú fáìlì náà gan-an, kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, ẹ má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ débi tí ihò kékeré inú eyín á fi sọnù.

Ìgbésẹ̀ 8: Sikánà ẹnu, bí owó bá ṣẹ́kù

Láti 1985 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya eyín aláìsàn ní Zürich tí ẹ̀rọ sì gbẹ́ ohun tí wọ́n fi dí ihò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun. Ó dára púpọ̀. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ àtẹ̀ alginate, ìyẹ̀fun tí a fi omi pò tí a ń tẹ̀ mọ́ eyín láti gba àwòrán rẹ̀, èyí tó máa ń jáde pẹ̀lú itọ́ àti ẹ̀jẹ̀, tó sì máa ń sún kì bí ẹ bá fi í sínú ọkọ̀ láti Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́jà nínú ooru. Fáìlì kì í sún kì, kì í sì í gbé ẹ̀jẹ̀. Orí sikánà tó ń wọ ẹnu ṣeé sè ní ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye ìgbà tó lè wọ autoclave lónkà. Ẹ wo ìwé rẹ̀, kí ẹ sì máa kà á.

Títí dìgbà náà, bí ẹ ṣe máa tọ́jú àtẹ̀ rèé. Ẹ fi omi ṣàn án títí itọ́ á fi lọ. Ẹ mú bílíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi mẹ́fà, ìyẹn á fún yín ní 0.5%. Ẹ jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ tún ṣàn án, kí ẹ da POP, ìyẹ̀fun funfun tí a fi omi pò tí ń le bí òkúta, sínú rẹ̀ níbẹ̀ náà. Mọ́dẹ́ẹ̀lì líle ni kó wọkọ̀.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kú

Ó máa ṣẹlẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì á lọ, íńfátà á fọn fèrè, kọ̀ǹpútà á dákẹ́. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ fi rúlà là sí òpó mẹ́rin: orúkọ, nọ́ńbà ìdì, ohun tí a ṣe, ẹni tó kọ ọ́. Ẹ so bírò mọ́ ọn pẹ̀lú okùn. Ìdì tí kò bá ní nọ́ńbà lọ́jọ́ yẹn náà, a kì í ṣí i. Autoclave tí iná já mú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, kódà bí ó bá ku ìṣẹ́jú kan. Bí iná bá dé, ẹni tó kẹ́yìn nílé ìtọ́jú á da gbogbo ohun tó wà nínú ìwé sórí kọ̀ǹpútà kó tó tilẹ̀kùn, á sì fi ìlà pupa fa ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, kí ẹni tó máa ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ mọ ibi tó dé.